Àpò 11 ni mo tà, 6 ni mo sọ

Àbúrò mi, o ní láti ọdún mẹ́rin tí bàbá yín ti papò dà, ìwọ nìkan lò ń bójú tó oko kòkó. Ò ń sanwó àgbàṣe, ò ń ra oògùn, àwọn ọmọ ìyàwó kejì tó wà l'Ékòó ò fọwọ́ kan àdá, báyìí wọ́n wá ń bèèrè ìṣirò owó. O ní ṣé o jẹ wọ́n ní àlàyé.

O jẹ wọ́n. Èmi náà ni dàwódù nílé wa ní Emùré, ohun tí ò ń sọ yìí gan-an ni mo sọ fún ọdún mẹ́fà.

Ìyá mi bí àwa mẹ́ta, ìyàwó kejì bí márùn-ún. Lọ́dọọdún, tí mo bá ta kòkó tán, màá fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn bí ẹni ń ṣàánú. Wọ́n á dúpẹ́. Ọpẹ́ yẹn ló bà mí jẹ́.

Ní 2024 tí kòkó gbówó lórí, àpò 11 ni mo tà. Mo sọ fún wọn pé 6 ni, pé òjò pọ̀, kòkó rà lórí igi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyàwó kejì, àbúrò mi obìnrin, wá kí wa láti Adó. Ó bá ìyàwó mi fọṣọ. Inú àpò ṣòkòtò mi ló ti rí ìwé pélébé tí oníkòkó kọ: àpò 11, iye owó rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò pariwo. Lálẹ́ tó gbé iyán wá fún mi, mo sún àwo ọbẹ̀, ìwé náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti sá a gbẹ, ó ká a sí mẹ́rin. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹun o," ó bá jáde.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi iyán sílẹ̀. Mo fi tọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí èébú dá padà.

Mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, mo rò pé yóò gbè mí. Ó ní dàwódù ò dá jogún. Ẹrù gbogbo ọmọ ló ń tọ́jú, tọkùnrin tobìnrin. Ó sọ ẹjọ́ Danmole àti Dawodu fún mi: bàbá kan l'Ékòó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀, ẹjọ́ náà sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Ìdí-igi ni kóòtù gbà pé ó jẹ́ àṣà wa, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, bó bí ọ̀kan, bó bí méje. Olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà, bí ìjà bá fẹ́ wọ̀ ọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí ìdí-igi á fún ìdí ìyá mi ní ìdajì. Àmọ́ ta ló bá mi jiyàn ìpín? Iye àpò ni wọ́n bèèrè.

Mo pe gbogbo wọn sílé. Iye tí mo jẹ ni mo kọ́kọ́ sọ, kí n tó dárúkọ owó iléèwé ọmọ tàbí àìsàn ìyá mi. Fi èyí sọ́kàn, torí bó o bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀, àwáwí ni wọ́n máa gbọ́. Má sì rán ìyá rẹ sí wọn. Ní ti iṣẹ́ rẹ, gba owó rẹ, kò sẹ́ni tó ní kó o ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lójú gbogbo wọn ni kó o ti gbà á. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni tèmi báyìí, ká tó pín ìyókù.

Àbúrò mi ọkùnrin kan dìde kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó pẹ́ gan-an tí kò gbé fóònù mi. Mo ṣáà ń fi ìṣirò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, mo ń ya fọ́tò ìwé oníkòkó mọ́ ọn. Lóṣù Kejìlá tó kọjá ló tó kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé owó oògùn yẹn ò pọ̀ jù?"

Mo tún ìṣirò náà kà. Mo ti ka ike oògùn méjì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní òótọ́ ló sọ, mo sì yọ ọ́.