Ẹ̀jẹ̀ Wa Kò Dá Ibà Dúró: Ìdáhùn fún Ìdílé Tó Ń Lọ Lo Ìsinmi ní Èkó, Kútọnu àti Lomé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin apòògùn wa. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kó àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Kejìlá. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 27, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 24, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ 21. Lọ́ńdọ̀nù la bí gbogbo wọn sí, olúkúlùkù wọn sì ti ń dá gbé báyìí. A ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Èkó, lẹ́yìn náà a ó gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu, Ouidah àti Lomé, kí àwọn ọmọ lè gbádùn oòrùn àti òkun. Irú ìpara wo ló yẹ kí a rà nítorí oòrùn? Ọmọ mi obìnrin tún ń dà mí láàmú pé àfi kí gbogbo wa lo oògùn ibà kí a tó lọ. Mo sọ fún un pé ọmọ Nàìjíríà ni wá, ibà kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀jẹ̀ wa, AS sì ni méjì nínú wọn. Ìyá mi yóò se àgbo sílẹ̀ dè wá. Ṣé oògùn náà pọn dandan, àbí kí a kàn ra Coartem ní kẹ́místì tí a bá délé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ ìpara rọrùn, n ó dé ibẹ̀. Èyí tí ẹ fi sí ìparí, tí ẹ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ara yín lóhùn lé lórí, ni ọ̀rọ̀ gan-an, ọmọbìnrin yín ló sì jàre. Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń wọlé lọ́dọọdún ni mo máa ń gbọ́ irú gbólóhùn yìí lẹ́nu àwọn òbí tó ní làákàyè, tí wọn kò jẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ wọn ṣeré, ó sì ń dùn mí, nítorí kò sí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà kankan tí ibà kì í mú.

Agbára tí ara àgbàlagbà tó ń gbé ní Èkó fi ń kojú ibà kì í ṣe ogún tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Láti kékeré ni ara ti ń kọ́ ọ, bí ẹ̀fọn ti ń jẹ ènìyàn léraléra, tí kòkòrò ibà tí wọ́n ń pè ní Plasmodium falciparum ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí ara sì ń bá a jà títí yóò fi mọ bí yóò ṣe kápá rẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ náà wọ́n kọjá àlà, nítorí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ibà ń pa jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó là á já pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé kì í sábà dá wọn wó mọ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá kúrò níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ ẹ́, ọdún díẹ̀ péré ti tó kí agbára náà fi dínkù gan-an. Ẹ̀yin àti bàbá wọn tí ẹ ti pẹ́ ní Ìlú Ọba kò lè gbọ́kàn lé èyí tí ẹ ní nígbà èwe. Àwọn ọmọ yín kò tilẹ̀ ní in rí. Ní ti ibà, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti òyìnbó tó ń rí Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibà láti òkèèrè wọ Ìlú Ọba ni àwọn ènìyàn wa tó lọ kí ẹbí wọn ní Áfíríkà. Kì í ṣe pé ẹ̀fọn fẹ́ràn wa ju àwọn yòókù lọ. Àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ń lo oògùn wọn, àwa ń sọ pé ilé là ń lọ. Nàìjíríà nìkan ló sì ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà tó ń mú ènìyàn lágbàáyé.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Ará ilé lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí pé ara rẹ̀ gbóná rárá, nítorí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fọn tó bá mu nínú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbé kòkòrò náà kiri fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì títí yóò fi gbó, lẹ́yìn náà ni yóò sì máa pín in fún ẹni tó bá jẹ. Nítorí náà, pé gbogbo ará ilé ìyá yín wà ní àlàáfíà kì í ṣe ẹ̀rí pé ibà kò sí nínú ilé náà. Àwọn mìíràn a ní afẹ́fẹ́ òkun ń lé ẹ̀fọn lọ, tàbí pé ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù Kejìlá. Ọdún yípo ni ibà ń ràn ní etí òkun wa, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀fọn tó ń gbé e, Anopheles melas, sì máa ń pamọ nínú omi tí iyọ̀ òkun ti dàpọ̀ mọ́, irú èyí tó kún etí ọ̀sà.

Òtítọ́ ni pé ẹni tó jẹ́ AS ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà líle tó ń gbẹ̀mí. Kò ní kí ẹ̀fọn má jẹ ẹ́, kò sì ní kí ibà má mú un, ẹ má ṣe fi rọ́pò oògùn. Bí ọmọ kẹta bá lọ jẹ́ SS, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: ibà lè sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di aláìsàn gidi kíákíá, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa ìrìn àjò yìí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Coartem jẹ́ oògùn tí a fi ń wo ibà tó ti mú ènìyàn; kì í pẹ́ tó nínú ara láti dènà rẹ̀. Bákan náà, ẹ gbàgbé Daraprim tí a máa ń lò ní Sọ́ńdè Sọ́ńdè nígbà èwe wa, àti chloroquine, nítorí kòkòrò ibà ilẹ̀ wa ti borí wọn; láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti fi oògùn mìíràn rọ́pò chloroquine nínú ìtọ́jú ibà. Ní ti àgbo, mo bọ̀wọ̀ fún ìyá yín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ife kan, kò sì sí èyí tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń dènà ibà. Àwọn tó ń tà á fún ọmọ tó ti òkè òkun dé, tí wọ́n ń fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní nílò oògùn mìíràn, ìkà ni wọ́n ń ṣe.

Oògùn mẹ́ta ni a sábà ń lò. Atovaquone tí a pò mọ́ proguanil ni a ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí a tó gbéra, a ń lò ó lójoojúmọ́, a ó sì tún lò ó fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí a bá padà. Doxycycline náà ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 4 ni a ó fi lò ó lẹ́yìn ìpadàbọ̀. Mefloquine jẹ́ ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò ni a ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a kì í sì í fún ẹni tó ní wárápá tàbí tó ti ní ìdààmú ọpọlọ rí. Ẹ rà á kí ẹ tó kúrò ní Ìlú Ọba, nítorí ayédèrú oògùn wà lọ́jà. N kò lè yan èyí tó bá ìdílé yín mu láti ibí. Ìdáhùn gbogbogbò ni èmi ń kọ.

Ẹ má sì ṣe ra páálí oògùn kan kí ẹ máa pín in fún ènìyàn márùn-ún. Àgbàlagbà ni àwọn ọmọ yín. Kí olúkúlùkù wọn lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn fúnra rẹ̀, kó dá wọlé, nítorí ó lè máa lo oògùn kan tí òbí kò mọ̀, ọmọbìnrin sì lè lóyún tàbí kó máa retí oyún, ọ̀rọ̀ tí kò ní sọ níṣojú màmá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpara bọ́ síbí: doxycycline máa ń mú kí oòrùn tètè jó awọ, awọ dúdú náà kò sì yọ. Ẹ ra ìpara tí nọ́mbà ààbò rẹ̀ jẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni ẹ ó kọ́kọ́ fi para, kí ó mu, kí ẹ tó fi èyí tó ń lé ẹ̀fọn lé e. Èyí tó ní DEET ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún dára. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ ni ẹ̀fọn ibà ń jẹ, nítorí náà ẹ sùn nínú àwọ̀n tí a ti rẹ sínú oògùn.

Benin àti Tógò yóò béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ni kí ẹ gbà á, ẹni tó bá sì ti gbà á rí, láti ọdún 2016 ni káàdì náà ti di ti ayérayé. Ọ̀rọ̀ físà kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ní ti òkun, ìgbì Kútọnu àti Lomé ń fa ènìyàn lọ sínú agbami, ọ̀mùwẹ̀ pàápàá. Kí àwọn ọmọ wo ó láti orí iyanrìn.

Kò sí oògùn tó ń dènà ibà pátápátá. Bí ara ọ̀kan nínú yín bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ tàbí tí òtútù ń mú un, láti ọjọ́ keje tí ẹ bá ti dé Èkó títí di ọdún kan lẹ́yìn ìpadàbọ̀, kó má ṣe pè é ní ọ̀fìnkìn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sọ pé òun ti Nàìjíríà, Benin àti Tógò dé, kó sì béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ èyí sínú fóònù rẹ̀ kí ẹ tó pínyà ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí ibà náà lè dé nínú oṣù Kejì, nígbà tí olúkúlùkù ti wà nínú yàrá tirẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.