Orin tí wàá fi dán sípíkà wò: má lọ lọ́wọ́ òfo bíi tèmi

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní Sátidé lo fẹ́ lọ gbọ́ oríṣi sípíkà méjì, kékeré tí wọ́n ń gbé ka orí pẹpẹ àti gogoro tó ń dá dúró nílẹ̀. O ní kí a sọ irú orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa tí o lè fi dán wọn wò, àti pé ṣé dandan ni kó jẹ́ fáìlì ńláńlá tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yẹn àbí CD lásán ti tó. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí. Ká ní ẹnì kan sọ ọ́ fún mi nígbà náà ni, n kì bá tí fi ọdún kan àbọ̀ jókòó ti ohun tó ń fọ́ mi lórí.

Ọwọ́ òfo ni mo gbé lọ. Mo ní, ta ló ń ta sípíkà tí kò ní orin? Lóòótọ́, wọ́n ní. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn ní CD kan tó fi ń ṣe àfihàn. Obìnrin kan ń rọra kọrin, gìtá kan ń tẹ̀ lé e, béèsì onígi wà lẹ́yìn, onílù sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra ojú ìlù. Kí obìnrin náà tó la ẹnu, mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo gbọ́ ìka tó ń yọ̀ lórí okùn gìtá. Orí mi wú! Ó tún fi òmíràn sí i: obìnrin kan pẹ̀lú dùùrù. Ìdajì wákàtí ò pé tí mo fi sanwó.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé irú orin yẹn kì í bá sípíkà jà. Ohùn kan, ohun èlò méjì mẹ́ta, àyè gbalasa láàárín wọn. Sípíkà tó ti bàjẹ́ pátápátá nìkan ló máa kọsẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó ṣe sípíkà bá sì ti gbé ohùn òkè ga jù, láti nǹkan bí 6,000 Hz lọ (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ìyẹn gan-an ni yóò mú kí èémí obìnrin yẹn dà bíi pé ó ń mí sí ọ létí. Àléébù ni ò ń gbọ́, ìwọ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí mo gbé e délé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo fi ń pe èèyàn wá gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i pé gbogbo ìgbà ni ọwọ́ mi ń lọ síbi kí n dín ohùn kù. Orin tí mo ti mọ̀ látìgbà èwe, tí akọrin pọ̀ nínú rẹ̀, tí fèrè ń dún, tí ìlù mẹ́rin márùn-ún ń fèsì fún ara wọn, gbogbo rẹ̀ di ariwo ọjà. Ìlù tí mo mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Gbogbo ibi tí "s" bá ti wà nínú orin ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́. Béèsì á kù rìrì lórí nóòtì kan, á pòórá lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, orin á ti sú mi. Ìyàwó mi, tí kò mọ̀ bóyá sípíkà ń jẹ tàbí ó ń mu, dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé bí orin yìí ṣe ń dún tẹ́lẹ̀ náà nìyí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo pe ọkùnrin yẹn lórí fóònù. Ó ní sípíkà tuntun gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún igba wákàtí kí ara rẹ̀ tó dẹ̀. Mo ka wákàtí bí ẹni ń ka oṣù oyún. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá fi í sílẹ̀ kó máa kọrin fún ògiri. Igba wákàtí pé, abẹ́rẹ́ ṣì ń gún mi. Mo tún pè é, ó ní waya ni. Mo ra waya. Ó ní ámpù mi, ẹ̀rọ tó ń ti sípíkà ṣiṣẹ́, ni kò lágbára. Mo yá ti ọ̀rẹ́ mi, nǹkan kan ò yí padà. Ìgbà tí mo fi máa jí, ọjọ́ tí mo lè fi dá ẹrù padà ti kọjá. Àbúrò, ọjọ́ yẹn gan-an ni igba wákàtí náà ń lé kọjá! Òótọ́ ni pé rọ́bà tó yí kóònù ká, ìyẹn ojú sípíkà tó ń gbọ̀n, máa ń rọ̀ díẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn òkè tí wọ́n ti gbé ga jù láti ibi tí wọ́n ti ṣe é kò ní torí ìyẹn wálẹ̀. Etí ẹni tó ń gbọ́ ọ ló máa ń dẹ̀, tí á fara mọ́ ìyà.

Àwọn tó ń kọ àyẹ̀wò sípíkà ò sàn jù ú lọ. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ nípa sípíkà mi yìí pé ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi orí àpáta. Kí ló fi gbọ́ ọ? Irú orin kan náà tí gbogbo wọn ń gbé kiri: obìnrin kan, gìtá kan. Floyd Toole, ọmọ Kánádà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí sípíkà, ti ṣàlàyé ohun tó ń dà wá láàmú: sípíkà ni wọ́n fi ń gbọ́ orin ní situdíò nígbà tí wọ́n ń ṣe é, orin yẹn náà la tún wá fi ń dá sípíkà lẹ́jọ́. Bí nǹkan bá wọ́, èwo nínú méjèèjì ló wọ́? Ìdí nìyẹn tí orin kan ṣoṣo ò fi lè dájọ́, bó ti wù kí wọ́n gbà á sílẹ̀ dáadáa tó. Òun àti Sean Olive, olùṣèwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tún fi hàn ní 1994 pé máàkì tí èèyàn ń fún sípíkà tó ń fojú rí yàtọ̀ sí èyí tó ń fún un nígbà tí kò bá rí i. Ìwọ tó fẹ́ fi gogoro wé kékeré, fi ìyẹn sọ́kàn. Ojú rẹ máa gbọ́ béèsì kí etí rẹ tó gbọ́ ọ. Mú ẹnì kan dání, kó máa pààrọ̀ wọn fún ọ nígbà tí o bá dijú.

Ọwọ́ ta ló sì wà lórí bọ́tìnnì ohùn? Bí ọ̀kan bá fi 1 dB péré (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) ju èkejì lọ, o ò ní sọ pé "eléyìí ròkè jù", wàá ní "eléyìí dára jù." Àwọn tó ń tajà mọ èyí ju bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ọmọ wọn lọ. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson, àwọn méjì tó ṣèwádìí bí etí ṣe ń gbọ́ ohùn, ti fi hàn pé bí ohùn bá lọ sílẹ̀, etí kì í gbọ́ béèsì tó mọ́. Nítorí náà èyí tó ròkè jù yóò tún dà bíi pé béèsì rẹ̀ ló kún jù. Wo ẹ̀yìn sípíkà tàbí ìwé rẹ̀, wọ́n máa ń kọ bó ṣe ń ròkè tó lórí agbára kan náà síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 90 dB fún gogoro, tí wọ́n kọ 85 dB fún kékeré, gogoro ti fi 5 dB borí kí orin tó bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ní kí wọ́n fi áàpù orí fóònù wọn ohùn méjèèjì níbi tí o jókòó sí, pẹ̀lú ariwo hùùù kan tí kì í lọ sókè sódò, kí ìyàtọ̀ wọn má ju ìdajì dB lọ. Bí wọ́n bá ń wò ọ́ bí ẹni tó ń da iṣẹ́ rú, jẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Nígbà tí mo lọ wá òmíràn, ní ilé ìtajà kan tó yàtọ̀, ohùn akọrin fọ́n káàkiri yàrá, béèsì ò sí. Ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ ní, "Ẹ gbọ́ bí orin ṣe fẹ̀!" Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn: wọ́n ti fi waya pupa sójú dúdú lápá òsì. Kóònù kan ń jáde, èkejì ń wọlé, béèsì wọn ń pa ara rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí àpótí béèsì kan lẹ́yìn kọ́tìnnì, tó ń ran sípíkà kékeré lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Máa bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn. Wo bọ́tìnnì béèsì àti ti tirébù (ohùn òkè) lára ámpù pẹ̀lú, kí wọ́n wà ní àárín.

Ó dáa, orin. Ohun àkọ́kọ́ tí wàá gbé dání kì í ṣe orin rárá: ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń ka ìwé tàbí ìròyìn. Ojoojúmọ́ lò ń gbọ́ ohùn èèyàn láìsí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó lè fi tàn ọ́. Bó bá dún bí ẹni tó ki orí bọ inú àgbá, àpótí sípíkà ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Èkejì, orin àtijọ́ tó jẹ́ mónò. Ohùn kan náà ló ń jáde lápá méjèèjì, nítorí náà akọrin gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin láàárín, bíi pé sípíkà kẹta wà níbẹ̀. Bó bá ń rìn kiri, tàbí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, sípíkà méjèèjì ò bára mu, tàbí ọ̀rọ̀ waya yẹn náà ni.

Ẹ̀kẹta ni mo kà sí jù, torí òun ni mi ò gbé lọ: orin tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀, tí o sì mọ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ẹgbẹ́ akọrin, ohun èlò olókùn, ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mú apá tó le jù níbẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré, kí o tẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo láàárín èrò, bóyá ẹni tó ń gbe ohùn ìsàlẹ̀. Ṣé o ṣì ń gbọ́ ọ nígbà tí àwọn yòókù wọlé? Gbé ohùn sókè díẹ̀, kí o tún tẹ̀ lé e. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lu igbá, kì í ṣe bí ẹni ń da iyanrìn. Ibí yìí ni àṣírí sípíkà mi ì bá ti tú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àtẹ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọrin lójú èrò náà ń ṣiṣẹ́: ó yẹ kí o gbọ́ ọwọ́, kì í ṣe òjò lórí páànù.

Fún béèsì, wá orin tí béèsì ti ń gun àkàsọ̀, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń gbá nóòtì kan ṣoṣo. Nóòtì ìsàlẹ̀ pátápátá lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin jẹ́ nǹkan bí 41 Hz, ti dùùrù ńlá (píánò) jẹ́ 27.5 Hz, ọ̀pọ̀ sípíkà kékeré ti ń rẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n má yára dájọ́ níbí, nítorí ìgbì ohùn 40 Hz gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, yàrá fúnra rẹ̀ sì ń dá sí i. Bí nóòtì kan bá fò sókè, sún àga rẹ sẹ́yìn. Bó bá yí padà, yàrá ni.

Kí o sì mú orin kan tí o fẹ́ràn tí wọn ò gbà sílẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú ohun tí wàá máa gbọ́ nílé. Kàn má torí òun nìkan kọ sípíkà sílẹ̀: láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fún ọ̀pọ̀ orin pọ̀ kó lè ròkè, tí ohùn jẹ́jẹ́ àti ohùn líle fi di ọgbọọgba. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa, bí ìlù bá dún, wàá fẹ́ ta gìrì. Bí akọrin bá rẹ ohùn sílẹ̀, wàá na ọrùn síwájú. Orin kan náà tí wọ́n tún tẹ̀ jáde lè yàtọ̀ gan-an, nítorí náà CD tí ò ń lò nílé gan-an ni kí o gbé.

Lórí ọ̀rọ̀ fáìlì, CD ti tó. Ìgbà 44,100 ló ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì lè gbé ohùn tó ju 20,000 Hz lọ, níbi tí etí èèyàn parí sí, tí etí èmi àgbà ò tiẹ̀ dé mọ́. FLAC tí wọ́n yọ lára CD, ìyẹn fáìlì tí kò sọ nǹkan kan nù nínú ohùn, òun náà ni. Èyí tí mo ní kí o má gbé ni MP3 128 kbps, fáìlì tí wọ́n ti gé ohùn inú rẹ̀ kù kó lè kéré, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ọ; àtẹ́wọ́ àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ á máa dún bí ẹni tó ń fi omi yọ ẹnu, wàá sì máa bú sípíkà. Má sì lo Bluetooth, ní kí wọ́n wá waya.

Orin márùn-ún mẹ́fà tó, apá kan náà fún sípíkà méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí olùtajà jáde, kí o jẹ́ kí èyí tó wù ọ́ jù kọrin fún ogójì ìṣẹ́jú, kí o ka iye ìgbà tí ọwọ́ rẹ lọ síbi bọ́tìnnì ohùn. Kí o tó sanwó, béèrè iye ọjọ́ tí o lè fi dá a padà, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé. Bó bá dárúkọ igba wákàtí fún ọ, ní kó fi igba wákàtí yẹn kún ọjọ́ ìdápadà náà lójú rẹ.