Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta Ni Eré Aláwàdà Àtijọ́ Ń Fi Ṣe Ẹlẹ́yà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù tó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ mi jókòó wo fíìmù aláwàdà Yorùbá kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀ nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ẹnì kan ti gbé sórí YouTube. Akólòlò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú, ṣùgbọ́n kò rí iṣẹ́ náà jẹ́ títí tí nǹkan fi bàjẹ́. Mo ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú mi kí n tó ṣàkíyèsí pé ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, tí òun náà ń kólòlò, ti dìde kúrò ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì sọ pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní wíwò mọ́, pé ńṣe ni ó yẹ kí wọ́n kó gbogbo wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ya oníkanra jù, pé ẹ̀rín lásán ni, àti pé kò sí ẹni tí ó bínú nígbà náà. Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ìyá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, gbólóhùn ọkọ yín kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni mo máa ń gbọ́ jù nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀: pé kò sí ẹni tí ó bínú nígbà náà. Ìbínú wà, ibi tí ẹni tí inú ń bí yóò gbé e gbà ni kò sí. Ẹ fojú inú wo akólòlò kan tí ó jókòó sínú gbọ̀ngàn eré ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tí gbogbo èrò ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Bí ó bá dìde láti sọ pé èyí kò dára, ohùn tí yóò fi sọ ọ́ gan-an ni wọn yóò tún fi rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ó dákẹ́, àwọn tí ó yí i ká sì rò pé inú rẹ̀ dùn sí i.

Bákan náà ni n kò gbà pé ìkanra àwọn ọmọ òde òní ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí, tàbí pé òkè òkun ni ó ti wọlé tọ̀ wá wá. Kí yunifásítì kankan tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń sọ pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Àfín, abuké, arọ àti aràrá, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ọbàtálá fúnra rẹ̀ ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, iṣẹ́ ọwọ́ òrìṣà ni ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ rántí ohun tí wọ́n fi ń kí aboyún: "Kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá o." N kò sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó pa èèwọ̀ náà mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò pa á mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rú u mọ̀ pé òun ń rú u. Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ọmọ yín obìnrin ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí èmi àti òun ti yà ni ibi tí ó ti fẹ́ kó gbogbo fíìmù àtijọ́ dànù pọ̀, nítorí pé àwàdà tí ń fi ènìyàn ṣe ẹlẹ́yà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, àwọn baba wa sì mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn. Ní ọdún 1826, nígbà tí ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́ Ilé gẹ́gẹ́ bí àlejò Aláàfin, wọ́n pe àwọn eléré eégún wá láti ṣe é lálejò. Lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé àwòrán òyìnbó jáde níwájú òyìnbó: ó funfun báláú, ó gbẹ, ó ń fín aáṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran ń ké sí Clapperton pé kí ó wò ó dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé eléré náà mọ òun ṣe gan-an. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà jókòó síbẹ̀ ní ipò ọlá, ó ní ẹnu láti fèsì, kò sì sí ohun tí ẹ̀rín náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òru Ẹ̀fẹ̀ tí ó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní agbègbè Kétu. Ẹni tí ó gbé Ẹ̀fẹ̀ lè fi orin tú àṣírí olówó tàbí ìjòyè níwájú gbogbo ìlú, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ mú un sí i. Ṣùgbọ́n ìwà ni Ẹ̀fẹ̀ ń bú: olè, àgbèrè, ìrẹ́jẹ, ojúkòkòrò. Ẹni tí ó ń hu ìwà náà lè fi í sílẹ̀ ní ọ̀la, kí orin náà sì bọ́ lára rẹ̀. Akólòlò kò lè fi ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni abuké kò lè bọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ìwà àti ẹ̀dá ni mo fi ń ya àwọn fíìmù wọ̀nyí sọ́tọ̀, n kò sì fi ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n pè.

Ẹ mú Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní 1936, tí ó sì kú ní 2018. Nínú awò ńlá rẹ̀, pẹ̀lú táì labalábá tí ó tóbi ju àyà rẹ̀ lọ àti aago ńlá tí ó ń gbé kiri, arúgbó ahun, olójúkòkòrò, tí ó fẹ́ gba ohun tí kò tọ́ sí i ni ó ń ṣe, orí ara rẹ̀ ni ẹ̀rín náà sì máa ń wó lé níkẹyìn. Lóòótọ́, bí ẹnì kan bá wò ó lónìí tí ó sì sọ pé ojú tí arúgbó náà fi ń wo àwọn ọmọge kò tù ú lára, n kò ní bá a jiyàn. Síbẹ̀, ẹni tí ó kúrò níbẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín, ojúkòkòrò ara rẹ̀ ni ó rí. Ìyẹn kò tíì di ohun àtijọ́.

Ẹ wá fi mègádì inú àwọn eré wa wé e. Ohun tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín nípa rẹ̀ ni pé kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, pé ó ń pe "ọkùnrin" bí ẹni pe "obìnrin", pé ó ń gbé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Kò sì sí ẹnì kan nínú ilé náà tí ó lè kí i ní Hausa lówùúrọ̀. Ọkùnrin yìí fi èdè méjì ṣiṣẹ́ oúnjẹ, àwa tí a gbọ́ ẹyọ kan sì jókòó, à ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi náà ti rẹ́rìn-ín ọ̀hún tó. Kò dà bí Òṣómàáló tí wọ́n fi ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà nítorí pé oníṣòwò aṣọ wọn máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà gba orúkọ yẹn mọ́ra, wọ́n sì ń fi í yangàn. Mègádì kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà nínú eré wa. Ìyàwó tí ọkọ ń gbá létí kí àwọn òǹwòran lè rẹ́rìn-ín kò sì rí i gbà pẹ̀lú. Ti èyí kò tilẹ̀ gba àlàyé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń fa ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wọn, fíìmù méjì láti ọ̀dọ̀ wọn sì lè ran ọmọ yín obìnrin lọ́wọ́. Nínú Breakfast at Tiffany's ti ọdún 1961, òyìnbó Mickey Rooney ni ó fi eyín àtọwọ́dá sẹ́nu láti ṣe ọmọ ilẹ̀ Japan, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú àwàdà ibẹ̀ ju bí eyín rẹ̀ ṣe rí àti bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ lọ. Nínú Blazing Saddles tí Mel Brooks darí ní 1974, èébú burúkú tí àwọn òyìnbó fi ń pe aláwọ̀ dúdú pọ̀ lọ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn òmùgọ̀ ni ó ti ń jáde, ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń bú sì ni ọlọ́gbọ́n inú eré náà. Aláwọ̀ dúdú, Richard Pryor, wà lára àwọn tí ó kọ ọ́. Brooks fúnra rẹ̀ sọ ní 2017 pé kò sí bí òun ṣe lè rí irú rẹ̀ ṣe mọ́. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde lẹ́nu nìkan ṣe òṣùwọ̀n, fíìmù kejì ni a ó kọ́kọ́ sọ nù, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó gbèjà ẹni tí wọ́n ń bú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná ní 2020, ìkànnì HBO Max kò yọ ọ́ kúrò. Àlàyé kúkúrú ni wọ́n fi síwájú rẹ̀. Irú èyí wù mí fún tiwa.

Kíkó wọn kúrò ni n kò lè fọwọ́ sí láé, nítorí a ti pàdánù púpọ̀. Ọ̀run Mooru, fíìmù Bàbá Sàlá tí Ọlá Balógun darí ní 1982, àwọn ajíṣẹ́-ọnà-tà ni wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, tí wọ́n sì sọ ẹni tí ó ná gbogbo owó rẹ̀ lé e lórí di onígbèsè. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyẹn ni a fi ń gbọ́ ẹ̀ka èdè, òwe àti orin tí àwọn ọmọ wa kò gbọ́ níbòmíràn. Àwọn tí mo le sí jù ni àwọn tí ó ń ṣe eré kéékèèké sórí fóònù lónìí, tí wọ́n ṣì ń fi wèrè àti akólòlò wá ẹ̀rín. Àwọn àgbà tí ó ti kú kò lè tún tiwọn ṣe mọ́. Àwọn wọ̀nyí lè tún un ṣe kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Ó ku ọmọ yín ọkùnrin, tí ìbéèrè yín kò béèrè nípa rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó ṣọkàn akin, ẹ má sì ṣe sọ pé ẹ̀rín lásán ni. Ẹ sọ fún un pé ẹ rẹ́rìn-ín, pé ẹ rí i nígbà tí ó dìde, àti pé ó dùn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ohun tí ó rò nípa eré náà, kí bàbá rẹ̀ náà jókòó síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá há sí i lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe bá a parí rẹ̀, kí ẹ má sì wo ibòmíràn. Ẹ dúró títí yóò fi sọ ọ́ tán.