Kókó wo ni àwọn atukọ̀ máa ń ta sí orí okùn, kí ni wọ́n sì ń fi ṣe?

Kí okùn má bàa yọ kúrò nínú ihò tó gbà kọjá ni. Bí afẹ́fẹ́ bá já okùn ìgbòkun gbà lọ́wọ́ yín, kókó yìí ló máa há sí ẹnu ihò.

Èyí tí wọ́n ń lò jù ni kókó tó rí bí 8. Ẹ gbé orí okùn kọjá lórí ara rẹ̀ kó di òrùka, ẹ yí i gba ẹ̀yìn okùn, kí ẹ wá kì í bọ inú òrùka náà láti iwájú. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó dára gan-an ju kókó lásán lọ: ti kókó lásán, bó bá ti fún, tí omi tún rin ín, eyín lèèyàn máa fi tú u.

Bí ihò bá fẹ̀, ẹ yí orí okùn náà po lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó kì í bọ òrùka. Kókó àwọn alágbàrù èbúté nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ atukọ̀ kì í ta kókó sí okùn spinnaker, ìgbòkun ńlá iwájú, kó lè sá jáde bí ewu bá dé.