Ẹnu Àbúrò Mi Ò Ṣí Mọ́, Báwo La Ṣe Máa Kówó Ìtọ́jú Jọ?

ÌBÉÈRÈ: Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 24, iṣẹ́ télọ̀ ló ń kọ́, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí párí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti ń dùn ún, ó kọ́kọ́ kàn ń dún kọ̀ọ́ kọ̀ọ́ tó bá ń jẹun ni, a rò pé eyín ni, wọ́n tiẹ̀ yọ eyín méjì fún un níbì kan, ìrora ò lọ. Ní báyìí ẹnu ẹ̀ ò ṣí dáadáa mọ́, ẹ̀kọ ló ń mu, orí ń fọ́ ọ, ó ti rù. Wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má gba àpáréṣọ̀n. Owó ọjà mi ti fẹ́ẹ̀ tán. Ẹnìkan fẹ́ yá wa lówó sogúndogójì, bàbá wa ní ká ta ilẹ̀ tó kù, bọ̀dá kan ládùúgbò sì ní ká jẹ́ kóun ṣe fídíò ẹ̀ níbi tó ti ń sunkún kóun gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìdajì owó tó bá wọlé, tòun ni. Ojú tiẹ̀ ń tì mí láti tọrọ. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbejì, Bẹẹrẹ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí àbúrò yín gan-an, ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ má yá owó sogúndogójì yẹn. Ẹ ní kí Bàbá ṣì fọwọ́ mú ilẹ̀ yẹn ná.

Ṣé ẹ rí i, ẹ ò tíì mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fowó ọ̀hún ṣe. Ẹ fi ìka síwájú etí yín kẹ́ ẹ ya ẹnu kẹ́ ẹ pa á dé, ibi tó ń yí yẹn ni oríkèé àgbọ̀n, kérékéré kan wà láàárín ẹ̀ tó ń jẹ́ kó máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, tí kérékéré yẹn bá yẹ̀ ló máa ń dún, tó bá le sí i ẹnu á há. Ìṣubú lè fà á, oríkèé ríro lè fà á, kéèyàn máa payínkeke lójú oorun náà ń dá kún un. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni kì í béèrè ọ̀bẹ rárá, oúnjẹ rírọ̀ ni, táwẹ́lì tí wọ́n rì sómi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, oògùn tí dókítà bá kọ, kí wọ́n kọ́ ọ bí á ṣe máa ṣí ẹnu díẹ̀díẹ̀, àti ike kan tí wọ́n ń wọ̀n fún eyín téèyàn á fi sùn. Òmíì sì wà tó jẹ́ pé egungun méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra, bóyá ẹni náà ṣubú fi àgbọ̀n lulẹ̀ ní kékeré, tàbí etí tó ń tú ọyún nígbà kan, ìyẹn ò gbọ́ ìfọwọ́ra, àpáréṣọ̀n ló ń ṣí i. Ṣé owó méjèèjì lè dọ́gba?

Nígbà kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi nǹkan tí wọ́n fi Teflon ṣe, irú èyí tó máa ń wà nínú páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, rọ́pò kérékéré yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó fọ́ sí wọn lára, ó ń jẹ egungun wọn, ìjọba ibẹ̀ ló ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Mi ò fi dẹ́rù bà yín o, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń fi ọ̀bẹ sẹ́yìn ni.

Torí náà ẹ gbé e lọ sí UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Íbàdàn, láti 1957 ló ti wà níbẹ̀, kò jìnnà sí yín. Ẹ̀ka eyín ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n lẹ fẹ́ rí, maxillofacial ni wọ́n ń pè é. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ àìsàn náà àti iye owó sínú ìwé, ìwé yẹn gan-an lẹ máa fi kówó jọ. Kẹ́ ẹ sì béèrè àwọn medical social worker, iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ ti ẹni tí owó ò tó. Inṣọ́ránsì ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ńkọ́? Òfin ti sọ inṣọ́ránsì di dandan fún gbogbo wa láti 2022, ẹ lọ béèrè ohun tí wọ́n ń san fún kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ owó wá dùn mí dé egungun rèé. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàìsàn, ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo la fi kówó jọ, ó pọ̀ lóòótọ́, inú wa dùn, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù kẹta owó ti tán, àìsàn wà níbẹ̀, àwọn tó fún wa sì ti rò pé ó ti parí, mi ò wá lẹ́nu tí mo fẹ́ fi padà lọ. Àìsàn tó bá pẹ́ lára, bí àjọ ni wọ́n ń dáwó ẹ̀. Ẹ wá èèyàn 20 tó lè dá 2,000 náírà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà, ìyẹn 240,000, kò níí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn ò sì níí gbàgbé yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ẹgbẹ́ yín, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ́ ẹ bá wà, ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ télọ̀, àwọn tó bá a ṣe sẹ́kọ́ńdírì. Tó bá jẹ́ àpáréṣọ̀n náà ló pàpà já sí, ó ṣì máa ṣe eré ìdárayá ẹnu fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má baà tún há, owó mọ́tò àtowó káàdì á máa lọ, owó oṣooṣù yẹn ló máa gbé e.

Owó ọsibítù gan-an, ọsibítù ni kẹ́ ẹ san án fún. Ìyókù kó wà nínú àkáǹtì tí ẹlòmíì tí kì í ṣe ẹbí yín ń bá yín buwọ́ lù, kẹ́ ẹ máa ya fọ́tò rìsíìtì sórí WhatsApp fáwọn tó ń dáwó, kódà tó bá jẹ́ 500 náírà lẹ ná lóṣù yẹn. Mo ti rí i pé ẹni tó bá rí rìsíìtì máa ń tún fún èèyàn láì jẹ́ pé wọ́n tọrọ. Ojú tó ń tì yín yẹn, ó máa fúyẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ̀dá yẹn wá, ìdajì ẹ̀wẹ̀? Rárá o. Tẹ́ ẹ bá sì máa ṣe fídíò lọ́jọ́ kan, àbúrò yín ló ni ojú ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ bi bóyá ó fẹ́, kó jókòó, kó wọ aṣọ tóun fúnra ẹ̀ rán, kó sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ bó ṣe lè sọ ọ́ mọ.

Kó tó dọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, kó ṣíwọ́ pọ̀nmọ́, guguru, ìrèké àti ṣingọ́ọ̀mù, àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú dáa fún un ju kó máa mu ẹ̀kọ nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá la ẹnu ẹ̀. Ẹnu àgbàlagbà tó dá ṣáká máa ń gba ìka mẹ́ta tí wọ́n tò léra wọn, ẹ ní kó wo iye tí tiẹ̀ gbà lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kẹ́ ẹ mú ìwé náà dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, dókítà máa béèrè.