Ejìnrìn àti oògùn ìtọ̀ ṣúgà: ohun tí ojú mi rí ní Kétu

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé ife omi ejìnrìn mélòó ni kí ìyá yín tó ní ìtọ̀ ṣúgà máa mu lójúmọ́, tí ẹ sì ní wọ́n ń lo oògùn dókítà lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gbo ewé kankan.

Ilé ewé ni wọ́n bí mi sí, nítòsí Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní ilẹ̀ Benin. Ìyá bàbá mi kì í já ewé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n ní ewé ti sùn. Ìdájí ni wọ́n ń lọ, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ewé náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ kó lè jí, kí wọ́n tó já a. Ejìnrìn ni wọ́n ń já jù, nítorí kò sí ọgbà tí kì í fà mọ́. Bí èéyi bá bo ọmọ, omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Ara yíyún ńkọ́, aràn inú ńkọ́, òun náà ni.

Èso rẹ̀ ni tàwa ọmọdé. Tó bá pọ́n bí ọsàn, á là fúnra rẹ̀, ohun pupa tó bo kóró á máa dán nínú rẹ̀. A máa ń lá ohun pupa yẹn, ó dùn, òun nìkan ló sì dùn lára ejìnrìn. Ẹni tó bá gbé kóró mì, ìyá àgbà á nà án. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọn kò ṣì í: kóró yẹn ní èròjà kan tó lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n bí láìní G6PD (ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bò ó) tó tó jẹ́, wọ́n sì pọ̀ láàrin wa.

Nígbà tí màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, glibenclamide ni dókítà kọ fún wọn, èyí tó ń mú kí ara tú ínsúlínì jáde, ohun tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Àbúrò wọn obìnrin gbé ìdì ejìnrìn kan wá láti Pobẹ̀. Wọ́n ní, "Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé." Ni a bá ní ká jẹ́ kó pé. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbo ó. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, lórí oògùn. A kò sọ fún dókítà.

Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún, màmá mi kò jẹun alẹ́ àná, mo gbọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ bàbá mi pè mí. Bàbá mi ti kú. Ìró wọn rin gbingbin bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n, wọ́n ní kí n yára, ilẹ̀ ti mọ́, oko jìnnà. Mo rò pé ibà ni. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ló gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà wá: gíráàmù 0.38 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ó yẹ kó tó 0.70, ó kéré tán. Ó po ṣúgà onígun mẹ́rin sínú omi, ó ń fi síbí fún wọn, síbí ń lu eyín wọn kẹ́kẹ́kẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó di 0.61. Wọ́n wò mí, wọ́n béèrè ẹni tó da omi sí wọn lára.

N kò bú ejìnrìn. Ó jẹ́, ìyẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyá lọ́wọ́ mi. Oògùn ń fa ṣúgà wálẹ̀, ewé náà ń fà á, a kò sì wọn nǹkan kan. Oògùn ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n omi ewé tí mo gbo lónìí kì í korò tó tàná.

Nítorí náà, ẹ dárúkọ ejìnrìn fún dókítà wọn, kó ṣe ìpinnu. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí ewé. Aboyún inú ilé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò rárá, ó lè ba oyún jẹ́. Ẹ tọ́jú ṣúgà sí ìgbèrí wọn. Bí òógùn àti ìgbọ̀nrìrì bá dé, tí wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù bí ara wọn tilẹ̀ ti balẹ̀, nítorí oògùn yẹn ń pẹ́ lára, ṣúgà lè tún já. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu.

Bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ejìnrìn, ẹ wọn ṣúgà wọn lálẹ́ òní kí wọ́n tó sùn.