Epictetus kọ́ ló ní kí o sá fún ọmọ rẹ

Àbúrò, lẹ́tà rẹ gùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló dá mi dúró nínú rẹ̀. O ní láti ọdún tó kọjá ni o ti ń ka ìwé àwọn Sítóíkì, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, pé o kì í bínú mọ́, pé ohun tí kò bá ti sí ní ìkáwọ́ rẹ kì í dà ọ́ láàmú mọ́. O ní ìyàwó rẹ kò mọyì rẹ̀, pé ó ní o ti di òkúta, o sì fẹ́ kí n fi ọ̀nà hàn ọ́ tí wàá fi kọ́ òun náà kó lè yé sunkún. Àárín àlàyé yìí ni o ti wá sọ ọ́ gẹ́rẹ́ pé nígbà tí wọ́n dá ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́rin dúró sí ọsibítù nítorí ibà, o kò débẹ̀ títí wọ́n fi ní kí wọ́n máa lọ sílé lọ́jọ́ kẹta, “nítorí kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.” O sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi kò lè kọjá níbẹ̀. Ta ló di apá ọmọ yẹn mú nígbà tí nọ́ọ̀sì ń wá iṣan tí wọ́n máa gbà fa omi sí i lára? Ta ló ń rẹ aṣọ sómi lóru tó ń fi nù ún láyà? Nígbà tí wọ́n kọ oògùn tí kò sí lọ́wọ́ wọn, ta ló sáré jáde lọ rà á, ta ló sì ń wo ọmọ títí ó fi dé? O kò kọ ọ́ síbẹ̀. Mo rò pé o kò mọ̀ ọ́n ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ ò tilẹ̀ wá sí ọjà náà.

Irú lẹ́tà yìí ti ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Ọkùnrin á ka gbólóhùn mélòó kan lórí fóònù, á rí ibi tí wọ́n ti ní kí ó má dààmú, kò ní ka èyí tó kù.

Ìwọ lo dárúkọ Epictetus, ọ̀kan nínú àwọn Sítóíkì náà, nítorí náà òun ni n ó fi bá ọ wí. Ìgbésí ayé ẹrú ló bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún ń tiro. Akọ̀wé Ọba Nero ló ni ín ní Róòmù. Lẹ́yìn tó gba òmìnira, tí Ọba Domitian sì lé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kúrò nílùú, ó lọ ń kọ́ni ní Nicopolis nílẹ̀ Gíríìkì, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Arrian sì ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣí ìwé 1 nínú àkọsílẹ̀ Arrian yẹn, orí 11. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá kí i níbẹ̀, ó ní nígbà tí ọmọ òun obìnrin ń ṣàìsàn, ara òun kò gbà á láti dúró tì í, òun sá jáde títí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ara ọmọ ti yá. Ó ní bí gbogbo bàbá ṣe ń ṣe nìyẹn. Epictetus kò kí i kú orí ire. Ó bi í pé, ṣé ìyá ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀? Ṣé ó yẹ kí òun náà sá? Olùtọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ọmọ yìí fi í sílẹ̀, kó wá kú sọ́wọ́ àwọn tí kò bìkítà nípa rẹ̀? Bó bá ṣe pé ìwọ lo dùbúlẹ̀ àìsàn ńkọ́, ṣé irú ìfẹ́ tí wàá fẹ́ kí wọ́n fi hàn ọ́ nìyẹn?

Ti ọkùnrin yẹn tilẹ̀ sàn. Àyà rẹ̀ ló já. Ìwọ, o ní ọkàn rẹ balẹ̀.

Òótọ́ ni pé ibà kò sí ní ìkáwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀, àga ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni Epictetus ní kí èèyàn gbájú mọ́. Nínú ìwé 3 àkọsílẹ̀ kan náà ló ti ní kò yẹ kí òun jẹ́ aláìmọ̀lára bí ère, pé ojúṣe wà lọ́rùn òun gẹ́gẹ́ bí ọmọ, bí arákùnrin, bí bàbá, bí ọmọ ìlú.

Marcus Aurelius, Sítóíkì tó jọba Róòmù láti ọdún 161 sí 180, tí o ní o fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú fóònù rẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sin. Kó tó jọba, ó kọ̀wé sí Fronto olùkọ́ rẹ̀ nípa Faustina ọmọ rẹ̀ kékeré: ìgbẹ́ gbuuru ti dá, ibà ti ń lọ, àmọ́ ọmọ náà rù gan-an, ikọ́ díẹ̀ sì kù. Ọmọ ààfin ló mọ bí ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ṣe ń lọ sí. Kí lorúkọ oògùn tí wọ́n fún ọmọ tìrẹ?

N kò ní kọ́ ọ bí ìyàwó rẹ ṣe máa dákẹ́. Ó dá wà fún ọjọ́ mẹ́ta, o tún fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Lọ bá a lónìí, sọ fún un pé o yẹ kí o wá, o kò wá, má sì fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì kankan tì í lẹ́yìn. Bi í ní ọjọ́ tí wọ́n ní kí ọmọ padà wá fún àyẹ̀wò. Ìwọ ni kí o gbé e lọ. Tètè tọrọ àyè níbi iṣẹ́.